Igi Òrí Méjì Lórí Ilé Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn amọ̀ tútù ló máa ń gbé mi padà sí ìdí òkè wa ní Ìdáàṣà, amọ̀ tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ gún, tí wọ́n fi koríko gbígbẹ pò, tí oòrùn ọ̀sán ń fà lómi díẹ̀díẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń mọlé kọjá, ńṣe ni ẹsẹ̀ mi máa ń wúwo. Ilé wa wà ní ìsàlẹ̀ òkè, lójú ọ̀nà tó lọ sí Kpingni, níbi tí àwọn àpáta ńlá ti máa ń gba oòrùn sára láti àárọ̀, tí wọn á sì máa tú ooru rẹ̀ sí wa lára títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí kò bá tíì gbé abẹ́ àpáta lóṣù tí ọyẹ́ ti lọ, tí òjò ò sì tíì dé, kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní ooru. Mo ń sọ èyí fún ọ nítorí ó pẹ́ tí o ti ń bi mí ìdí tí mo fi máa ń bínú bí àwọn èèyàn bá ní kí n wá bá àwọn yan igi ilé. N kì í bínú, ọ̀rẹ́ mi. Ó máa ń rẹ̀ mí ni.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin padà wálé. Ọkọ rẹ̀ kú ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn àbúrò ọkọ sì fẹ́ ṣú u lópó, ó ní òun ò ṣe. Ó kó ọmọ mẹ́ta, ẹní méjì àti ìkòkò irin kan, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdáàṣà, ó sì fẹsẹ̀ rìn wá sílé baba wa. Ọmọ-oṣú ni à ń pe obìnrin tó bá ti ilé ọkọ padà bẹ́ẹ̀. Ipò yẹn ò rọrùn rárá. Ọmọ ilé ni, nítorí náà gbogbo ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé yìí kan náà ló ni ààrò, àwọn ló ni ọlọ, àwọn ló mọ ọ̀nà odò, bí wọn ò bá sì fẹ́ràn rẹ̀, ìkúnlẹ̀ wọn lè burú ju èébú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi mọ èyí jù mí lọ. Ọjọ́ kejì tó dé ló ti jókòó tì wọ́n, ó ń bá wọn fọ́ kóró òrí.

Ìyáálé, ìyàwó bàbá kékeré wa, tó jẹ́ àgbà láàrin àwọn ìyàwó ilé, ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Nígbà tí wọ́n gbé ìyáálé wọlé bí ìyàwó, ọmọ ọdún méje ni ẹ̀gbọ́n mi, ìyáálé ló sì sọ ọ́ ní Adúmáadán, bí ìyàwó ti máa ń fún ọmọ ọkọ lórúkọ tirẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀. Èmi tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà, “ọkọ mi” ló ń pè mí. Yàrá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọmọ rẹ̀ wọ̀ sí nígbà tí wọ́n dé, wọ́n há mọ́ra níbẹ̀ bí iṣu inú àpò.

Bàbá kékeré, tó jẹ́ baálé lẹ́yìn ikú baba wa, fún un ní ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn agbo ilé. Àwọn ọkùnrin ilé bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n mọ ògiri yàrá méjì láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri náà dúró gbọn-in. Òrùlé ló kù, ọrùn mi sì ni òrùlé wà, nítorí èmi ni káfíńtà. Mo ti lo ọdún mẹ́fà ní Kútọnu lọ́dọ̀ pàtírọ̀ọ́n mi, ìyẹn ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, mo sì gbà pé kò sí igi tí n kò mọ̀ mọ́. A gbọ́dọ̀ bo ilé náà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ògiri amọ̀ tí kò ní òrùlé, òjò ńlá méjì péré ló máa sọ ọ́ di ẹrẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á sì tún fi odindi ọdún kan sùn sí igun yàrá ìyáálé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ náà ń wo òréré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ránṣẹ́ pé ìlẹ̀kùn àwọn ṣì wà ní ṣíṣí.

O rò pé igi pọ̀ lórí òkè, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rìn. Mo lọ sí Gbaffo, mo lọ sí Tré, mo gun àpáta, mo gba inú àbàtà tó ti gbẹ, bàtà mi já, mo fi okùn so ó. Agbọn olódu ni mo kọ́kọ́ ń wá, igi gíga tó jọ ọ̀pẹ yẹn, tí ikán kì í fi eyín kàn. Ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ tó ti gbó nìkan ló ń gbé òrùlé, àwọn tó kọ́lé ṣáájú wa sì ti gé gbogbo akọ tó wà nítòsí tán. Abo ló kù, abo sì rọ̀ nínú. Ìrókò kan wà, ṣùgbọ́n ta ló máa gé e? Àwọn tó ń bọ ọ́ ò ní gbà, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba náà ò ní gbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì ti pa ohùn pọ̀ nìyẹn. Igi ayín le, àmọ́ èyí tó hù sáàrin àpáta wa wọ́ bí ẹsẹ̀ arúgbó. Àràbà tóbi, ó tọ́, ó fúyẹ́, gbogbo ohun tí ọ̀lẹ ń fẹ́ ló ní, oúnjẹ ikán sì ni. Fi àràbà bolé lónìí, kò ní pẹ́ tí ìyẹ̀fun igi á fi máa dà sínú ọbẹ̀ rẹ.

Pàtírọ̀ọ́n mi ti kọ́ mi bí a ṣe ń bi igi léèrè ọ̀rọ̀. Wàá fi ẹ̀yìn àáké kàn án, wàá gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ṣófo. Wàá fi èékánná ha á. Wàá bù ú sẹ́nu, nítorí igi tó bá korò kì í wu kòkòrò. Wàá ju ègé rẹ̀ sínú omi, èyí tó bá rì ni kí o mú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí mo ti ń bọ̀ wálé, tí gbogbo rẹ̀ ti sú mi, mo dúró sábẹ́ igi òrí méjì nínú oko tí ìdílé wa ti fi sílẹ̀ láìro. Wọ́n ti tanná. Oyin kún orí wọn, òórùn ìtànná náà sì dùn títí dé ojú ọ̀nà. Igi òrí kì í sábà tọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí tọ́ dé ibi tí mo nílò. Mo kàn wọ́n, ohùn wọn kún. Mo gé ègé kan, ó pupa, ó wúwo. Mo da omi tó kù nínú kèrègbè mi sínú ihò àpáta, mo ju ègé náà sí i, ó rì lójú ẹsẹ̀. Èmi nìkan nínú igbó, mo bú sẹ́rìn-ín bíi wèrè.

Má sọ pé n kò bèèrè o. Mo bèèrè. Ilẹ̀ ìdílé ni, baálé ló sì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Mo bá bàbá kékeré níbi tó ti na ẹsẹ̀ sábẹ́ àtíbàbà, eyín ń dùn ún, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

“Bàbá, mo rí igi méjì nínú oko wa àtijọ́, mo fẹ́ gé wọn fún ilé ẹ̀gbọ́n mi.”

Kò tilẹ̀ bi mí pé igi wo ni. “Ilẹ̀ baba rẹ ni,” ló wí, “ta ló máa dí ọ lọ́wọ́?”

Ọkùnrin méjì, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan, ó parí. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìbátan wa kan tó ní ayùn ńlá lọ síbẹ̀. Igi òrí máa ń sun oje funfun bí a bá gé e. Oje náà lẹ̀ mọ́ ayùn, ó lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. A ń fi iyanrìn nù ún, a ń ṣépè fún un, a ń gé e lọ. Nígbà tí èkejì wó, oyin fọ́n ká orí wa, ìtànná sì bo ilẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Mo ti gé igi púpọ̀ nígbà náà, n kò sì ro nǹkan kan.

Ọjọ́ mẹ́fà la fi là wọ́n, tí a gbẹ́ wọn, tí a gbé wọn gun orí ògiri. Ọkùnrin mẹ́jọ ló ń gbé ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé igi wo nìyí tó pupa báyìí. Mo ní, “Igi tó máa sin ọmọ yín àti ọmọ ọmọ yín ni.” Ìgbéraga ni, jọ̀wọ́ má dá mi lóhùn. A kan páànù lé e. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ dé, ó rọ̀ bí ẹni tó ń bínú sí wa, ẹ̀kán kan ò sì kán sínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi dúró láàrin yàrá, ó gbójú sókè, ó ń gbọ́ ariwo òjò lórí páànù, omi ń dà lójú rẹ̀. “O ṣeun, àbúrò mi,” ni gbogbo ohun tó lè sọ.

Nílé wa, bí ọkùnrin bá bo ilé tán, àwọn ìyàwó ilé ló ń rá ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á kó bótò, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, wá, wọ́n á rẹ èèpo èso igi irú sínú omi títí omi á fi pọ́n, kálukú á mú òkúta dídán tirẹ̀ dání, wọ́n á wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n á máa lù ú, wọ́n á máa rá a, wọ́n á máa kọrin, títí ilẹ̀ á fi dán. Ilé tí wọn ò bá tíì rá, ògiri lásán ni. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní ilé lágbájá. Ẹ̀gbọ́n mi dá ọjọ́. Ó gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́, ó pọnmi kún gbogbo ìkòkò. Oòrùn yọ, oòrùn kan àtàrí. Kò sẹ́ni tó wá. Ìgbà tó pẹ́, ìyàwó kékeré kan ń kọjá lọ, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ìyá, ẹ kú ilé tuntun.” Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé àwọn yòókù dà. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ìyáálé wà nídìí igi rẹ̀.”

Èmi ni mo lọ wá a. Ó jókòó sórí kùkùté ọ̀kan nínú igi méjì yẹn, ó ń fi ọwọ́ gbá ìtànná gbígbẹ jọ, kò sì dà bí ẹni tó fẹ́ fi wọ́n ṣe nǹkan kan. Kò sunkún. Ìbá sàn fún mi ká ní ó sunkún.

“Láti ọdún tí mo ti wọlé yín ni mo ti ń ṣa èso ìdí wọn,” ló wí. “Ìyá ọkọ mi ló fà wọ́n lé mi lọ́wọ́. Òrí tí mo fi pa ara gbogbo ọmọ mi, ibí ni. Ṣé o ò lè bi mí ni?”

“Mo bi baálé, Ìyá.”

Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan. “Baálé ti ṣa òrí rí?”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí gbogbo obìnrin ilé wa mọ̀ láti kékeré, tí èmi ọmọ bíbí ilé ò mọ̀. Ilẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin, ṣùgbọ́n igi òrí kọ̀ọ̀kan ní obìnrin tó ń ṣa ìdí rẹ̀, obìnrin ló sì ń fi í lé obìnrin lọ́wọ́, láti ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó, láìsí pé ọkùnrin kankan gbọ́ sí i. Ní Kútọnu mo kọ́ bí a ṣe ń fi ahọ́n tọ́ igi wò. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi pé mo gbọ́dọ̀ bi ìyàwó bàbá kékeré.

Ìwọ náà mọ àwọn obìnrin wa. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orúnkún wọn á kanlẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lọ sódò, wọn ò ní pè é. Bí ó bá wá fọn iná lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á ní, “Ó ti kú, Ìyá.” Adúmáadán ti pòórá, Ìyá lásán ló kù. Ìyà náà kan bàbá kékeré pàápàá, wọn ò dáná fún un: ọjọ́ mélòó kan ló fi jẹ gàrí gbígbẹ pẹ̀lú eyín tó ń dùn ún. Nígbà tí mo lọ fẹjọ́ sùn ún, ó jágbe mọ́ mi. “Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lo bi mí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fi dá ọ lóhùn. Kúrò níwájú mi jọ̀ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbé orí erùpẹ̀. Àwọn ọmọ ń wúkọ́. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó ń ká ẹní, ìkòkò irin rẹ̀ ti wà nínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Bóyá kí n padà sí Ṣábẹ̀ẹ́. Òrùlé nìkan kọ́ là ń gbé.” Mo ní kí ó má lọ, mo ní màá tú òrùlé náà lọ́la, màá gbé igi náà lọ síwájú ìyáálé, màá wá igi mìíràn, kódà bí mo bá máa rìn dé Pàrákú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n.

“Bí o bá tú u, ṣé igi náà á padà dìde ni?”

Àwa méjèèjì jókòó sórí erùpẹ̀ yẹn, a kàn ń wo ẹsẹ̀ ara wa. Àárẹ̀ tó mú mi lọ́jọ́ náà, n kò tíì rí irú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kankan.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi kọjá láàrin agbo ilé, ó lọ bá ìyáálé lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níṣojú gbogbo àwọn ìyàwó, ó sì kúnlẹ̀. Ọmọ ilé! Fún ìyàwó ilé! Ariwo sọ. Ẹnì kan ju igbá sílẹ̀. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ Máàsì mi nínú eruku.

“Ẹ dìde, ẹ dìde,” ni ìyáálé ń wí, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. “Ẹ fẹ́ kí n kú ni? Ta ló rán yín?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Igi yín ló wà lórí mi. N kò mọ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni mo ń sùn.”

Ojú ìyáálé ti rẹ̀, ó ti hun jọ. Ó ní, “Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n lọ sinmi.” Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Kò ní òun dárí jì wá, kò sì ní òun ò dárí jì wá. Mo gbọn eruku aṣọ mi, mo rò pé ó ti tán nìyẹn.

Ọjọ́ kẹrin ni ìyáálé wá. Òun nìkan ni, ó ru bótò lórí, ó mú òkúta rẹ̀ dání. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò kọrin. Ó kúnlẹ̀ sí igun yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí rá ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá òkúta tirẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ bóyá kí n wọlé tàbí kí n sá lọ. Ẹ̀mí mi ń bọ̀ sípò bí wọ́n ti ń rá a lọ. Nígbà tí wọ́n dé àárín yàrá, ìyáálé na ẹ̀yìn, ó gbójú sókè, ó wo igi tó wà lókè orí wọn.

“Ó le,” ló wí.

Lẹ́yìn náà, láìwo ẹnikẹ́ni, ó ní, “Ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fà á lé lọ́wọ́. Mo ní kí èso rẹ̀ kọ́kọ́ jábọ́, kí n tó mú yín débẹ̀. Ọmọ-oṣú tí kò ní igi, kí ló máa jẹ?”

Òkúta ẹ̀gbọ́n mi dúró díẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí rá ilẹ̀. N kò lè dúró mọ́, mo bọ́ síta, mo lọ sẹ́yìn ògiri, mo sunkún bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ò padà sí Ṣábẹ̀ẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ìyàwó yòókù wá rá yàrá kejì, wọ́n kọrin, wọ́n jẹ iyán. Ó gbé ilé náà títí ó fi darúgbó, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kò ní igi kan tó ń ṣa ìdí rẹ̀ rí. Lásìkò òrí, igbá kan, igbá méjì ni àwọn ìyàwó máa ń bù fún un, ó sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ju bó ti yẹ lọ. Èmi ti yan igi fún ilé tí n kò lè ka iye rẹ̀. Bí wọ́n bá mú mi wá sídìí igi, mo máa ń béèrè obìnrin tó mọ̀ ọ́n, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa wo ara wọn lójú pé bàbá yìí ti ń ṣarán. Ikán ò kan igi ilé yẹn títí di òní, kò tẹ̀, kò là. Nígbà ayé ẹ̀gbọ́n mi, bí àlejò bá wọlé tó yin òrùlé náà, inú rẹ̀ á dùn, á nawọ́ sí mi, á ní, “Àbúrò mi yìí ló yan igi rẹ̀.” Tọkàntọkàn ló fi ń yìn mí, èmi á sì yára wá ibòmíràn wò.